Wákàtí Kan Láàárín Dublin àti Borokiri

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan Ibinabo kò ju ìlà méjì lọ nínú ìwé Sájẹ́ǹtì Dagogo: mẹ́dàlì kan sọnù nínú ilé, òun nìkan ló sì wà nínú ilé náà. Sájẹ́ǹtì ti fa ìlà sábẹ́ "òun nìkan" lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti kọ ọjọ́ ilé ẹjọ́ sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú: ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀. Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù October ọdún 2023, ni Inspẹ́kítọ̀ Fàdílátù wọ ọ́fíìsì, tó ka ìlà méjèèjì, tó sì pa ìwé dé.

"Dagogo, ta ló sọ pé òun nìkan ló wà nílé?"

"Na she talk am with her own mouth, madam. She say nobody come."

"Olè wá jí nǹkan tán, ó tún ń ṣe ẹlẹ́rìí ta ko ara rẹ̀?"

Sájẹ́ǹtì gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ọdún mẹ́fà tó ti ń bá Fàdílátù, ọmọ Ìsẹ́yìn, ṣiṣẹ́ kò lọ lásán.

Ibinabo jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú àtìmọ́lé láìwọ bàtà, nítorí sílípáàsì rẹ̀ ti wà lábẹ́ káńtà láti alẹ́ àná. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń gbé ọ̀dọ̀ Màmá Àtọ́kẹ́ ní Borokiri, nílùú Port Harcourt: òun ló ń dáná, òun ló ń fọṣọ, òun ló ń kán oògùn sí Màmá lójú láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí adájọ́ bá ní ó jẹ̀bi, ẹ̀wọ̀n nìkan kọ́ ló ń bẹ níwájú rẹ̀. Ilé Màmá ni ilé kan ṣoṣo tó ní láyé.

"Sọ bí Sọ́ńdè ṣe rí fún mi, láti ìgbà tí Màmá ti jáde," ni Fàdílátù wí.

"Mama go Abuloma go see her sister. Two o'clock. I dey house, I dey pick beans. Nobody come."

"O ò jáde rárá?"

"I no comot." Ó ronú díẹ̀. "Only water."

"Omi wo?"

"Four o'clock, them bring light. Mama Belema wey dey next compound on her pump. I carry bucket run. Line long. I fit stay there twenty minutes."

"O tilẹ̀kùn?"

"Ah, madam! Next door? Who dey lock door go next door?"

"Kí ló dé tí o ò sọ èyí fún Sájẹ́ǹtì?"

"E ask me whether I travel."

Sájẹ́ǹtì Dagogo gbójú sókè, ó ń wo àjà bí ẹni tó rí aláǹtakùn níbẹ̀.

*

Màmá Àtọ́kẹ́ ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ọkọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní èbúté títí ó fi kú, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo sì ti kọjá sí Ireland láti ọdún 2000. Àwòrán Ìyanu, ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí wọ́n bí sí Dublin, kún ara ògiri: Ìyanu nínú síńgílẹ́ẹ̀tì pupa, Ìyanu nínú síńgílẹ́ẹ̀tì búlúù, Ìyanu tí wọ́n gbé apá rẹ̀ sókè. Abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò ni ọmọ náà. Láàárín àwòrán wọ̀nyí ni pẹpẹ kékeré kan wà, orí rẹ̀ sì ṣófo.

"Ibẹ̀ ló máa ń wà," ni Màmá wí, ó nawọ́ sí i láìwò ó. "Mẹ́dàlì tó gbà lọ́mọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tó borí gbogbo ọmọdé ilẹ̀ Ireland. Ó fi rán ẹnìkan sí mi. Kérésì yìí ló ń bọ̀ wálé. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un?"

"Báwo ni àpótí rẹ̀ ṣe rí, Màmá? Kí n lè dá a mọ̀ bí mo bá rí i."

"Àpótí dúdú, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àrán pupa wà nínú rẹ̀. Ìwé pélébé kan wà lábẹ́ àrán náà, risíìtì ni mo kà á sí. Mo jẹ́ kó wà níbẹ̀. Mi ò kúkú mọ̀wé."

Fàdílátù kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ títí kan risíìtì. Ó yẹ ilẹ̀kùn wò; kò sẹ́ni tó fi ipá ṣí i. Ó yọjú sí ẹ̀yìnkùlé: igi máńgòrò kan ló wà níbẹ̀, okùn àtijọ́ kan sì rọ̀ lára ẹ̀ka rẹ̀. Ó lọ sí àgbàlá kejì, Ìyá Belema sì fi Ọlọ́run búra pé aago mẹ́rin ni iná dé, pé Ibinabo tò sẹ́yìn ènìyàn méje.

Nígbà tó padà wọlé, ó rí i pé ojú Màmá pọ́n, ó sì ń somi.

"Ẹ ti kán oògùn yín?"

"Ta ni yóò bá mi kán an?" Màmá fi etí ìró nu ojú. "Ọmọ mi, ọwọ́ Ibinabo mọ́. Lọ́dún mọ́kànlá, abẹ́rẹ́ mi ò sọnù rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ríran mọ́, ẹ̀rù ni í máa bà á. Wọ́n ní kò sẹ́lòmíràn nílé. Ta ni kí n fura sí, ògiri?"

"Ta ló tún mọ̀ nípa mẹ́dàlì yìí dáadáa?"

"Lọ bá Dàpọ̀ ní Rumuokwuta. Òun ni akọ̀wé gbogbo àwọn tó ń wo ẹ̀ṣẹ́ Ireland ní ìlú yìí. Òun gan-an ló kọ́kọ́ kọ́ Ìyanu, lábẹ́ máńgòrò tí o rí yẹn, lọ́dún tí wọ́n fi ọmọ náà ránṣẹ́ sí mi lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Ọmọ ilé ni Dàpọ̀."

*

Kí wọ́n tó dé Rumuokwuta, Sájẹ́ǹtì Dagogo bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ Sotonye, alágbẹ̀dẹ wúrà tí kò jìnnà sí ilé Màmá. Ó ti gbọ́ pé ọkùnrin náà béèrè mẹ́dàlì yẹn lọ́wọ́ Ibinabo lóṣù tó kọjá, inú rẹ̀ sì ń dùn sí ọ̀nà yìí gan-an.

"I ask, yes," ni Sotonye wí. Kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò lára òrùka tó ń dán. "I see am for Mama parlour. I scratch the back small. Na brass, madam. If I melt am, e no go reach teaspoon."

"Ta lo sọ fún?"

"Everybody! Even Mama. She vex, she say her pikin no fit win brass."

Wọ́n jáde. Inú Sájẹ́ǹtì kò dùn mọ́.

"Ìròyìn ayọ̀ ni," ni Fàdílátù wí. "Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé nǹkan yẹn kò tó owó ṣíbí. Ibinabo tó ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́ mọ̀ ju gbogbo wọn lọ. Ẹni tó jí ohun tí kò ṣeé tà, kì í ṣe ọjà ló ń gbé e lọ. Ohun tó fẹ́ wò ló jí."

*

Fíríìjì ni Adédàpọ̀ ń tún ṣe ní ìkóríta Rumuokwuta. Ọmọ sójà ni, ó ti lé láàádọ́ta ọdún, imú rẹ̀ sì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí òun náà ti kan ẹ̀ṣẹ́ fún ìpínlẹ̀ Rivers rí. Ó gbé àga fún wọn, ó jókòó láàárín òkú fíríìjì mẹ́fà. Kò sọ àpò irinṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀. Èjìká rẹ̀ ló wà síbẹ̀.

"Bọ̀dá Dàpọ̀, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́dàlì Màmá la bá wá."

"Mo gbọ́, Inspẹ́kítọ̀. Ó dùn mí. Ṣọ́ọ̀bù yìí ni mo wà lánàá láago mẹ́rin, tí mò ń wo ìjà Ìyanu lórí fóònù."

Fàdílátù kò tíì bi í níbi tó wà. Ó fi èyí pamọ́ sínú.

"Èmi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀ṣẹ́. Ẹ là mí lóye."

Ojú ọkùnrin náà tàn díẹ̀. "Ọ̀nà méjì ló pín sí. Àwọn ọmọ tó ń jà nítorí mẹ́dàlì, àwọn là ń pè ní amatọ̀. Ráùndì mẹ́ta péré ni tiwọn, wọ́n á wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, kò sówó ńbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá gbó tán, wọ́n á bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, wọ́n á máa fi jẹun: ráùndì mẹ́fà, mẹ́jọ, títí dé méjìlá. Àwọn tó pọ̀ ò mọ ọmọ àfìgbà tó bá di olówó. Àwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí Ìyanu ti padà sí Dublin la ti ń wo àwọn ọmọ Ireland, látinú gbọ̀ngàn kékeré tí àwọn òbí nìkan ń pàtẹ́wọ́. Tí ọ̀kan bá wá di olówó, a ó ní, ẹ wò ó, a mọ̀ ọ́n nígbà tí ìbọ̀wọ́ ẹ̀ṣẹ́ ṣì tóbi ju orí rẹ̀ lọ."

"Ìjà tàná ńkọ́?"

"Ìkẹyìn rẹ̀ nídìí mẹ́dàlì nìyẹn. Oṣù tó ń bọ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀ tolówó."

Ó fa ìwé gbọ̀ọ̀rọ̀ kan yọ. Fàdílátù kò rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ọlọ́pàá. Ojú ìwé kan fún ìjà kan, wọ́n ti fi rúlà fa ìlà sí i. Lókè ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ni ọjọ́ wà, àti aago méjì: D fún Dublin, P fún Port Harcourt. Lábẹ́ rẹ̀ ni ráùndì kọ̀ọ̀kan, bí ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ ọ̀tún kan ṣe wọlé, bí ẹsẹ̀ kan ṣe yẹ̀. Ojú ìwé tó gbẹ̀yìn ni tàná. D 4, P 4. Ráùndì kìíní, Ìyanu ní igun búlúù, ó ń fi ọwọ́ òsì díwọ̀n ọ̀tá. Ráùndì kejì, wọ́n gbá a létí, ó rẹ́rìn-ín. Ráùndì kẹta, ó gbà á lọ́wọ́ wọn pátápátá.

Fàdílátù ṣí ìwé náà sẹ́yìn jẹ́ẹ́. May 2019: D 7, P 7. January 2020: D 7, P 8. November 2021: D 6, P 7.

"Kí ló dé tí aago yìí dọ́gba níbòmíì, tí kò dọ́gba níbòmíì?"

"Àwọn ará ibẹ̀ máa ń yí aago. Nígbà oòrùn wọn, tiwa tiwọn dọ́gba. Bí òtútù bá dé, wọ́n á dá a padà sẹ́yìn ní wákàtí kan."

"Wọ́n ń yí i nígbà wo?"

"Ìparí October," ni Adédàpọ̀ wí. Ó ń tún okùn àpò èjìká rẹ̀ ṣe, kò sì gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde.

"Ẹ ṣeun. Ẹ bá mi mú ìwé yìí wá sí ọ́fíìsì láago mẹ́ta. Mo fẹ́ kí ẹ fọwọ́ sí ohun tí ẹ sọ nípa mẹ́dàlì."

Nínú mọ́tò, Sájẹ́ǹtì ní ọkùnrin náà kò lè jẹ́ olè, pé àlàyé ìjà rẹ̀ kò ní àbùkù.

"Àlàyé ìjà rẹ̀ dára," ni Fàdílátù wí. "Mo kàn fẹ́ mọ ìgbà tó wò ó ni."

*

Ẹnu géètì èbúté ni wọ́n ti pàdé Àlímì, òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù, ọ̀kan nínú àwọn olólùfẹ́ ẹ̀ṣẹ́ Ireland yìí. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ fi dá wọn lóhùn.

"Tàná? Madam, ìyà jẹ wá! Ìwé ìkéde ní aago mẹ́rin. Mo jókòó láago mẹ́rin kù díẹ̀, mo ti sun àgbàdo mẹ́ta kalẹ̀. Mo tan fóònù, kí ni mo rí? Ẹnìkan ń gbá ilẹ̀ ríìngì."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Òwúrọ̀ àná gan-an ni wọ́n yí aago ní Dublin! Ọdọọdún ló ń ṣe wá, ọdọọdún la sì ń gbàgbé. Mẹ́rin tiwọn ti di márùn-ún tiwa. Ọlábísí, ọ̀kan nínú wa, pè mí láti Eleme pé ṣé tèmi náà ṣófo. Gbogbo wa la dúró fún odindi wákàtí kan. Àgbàdo tán kí wọ́n tó lu aago ráùndì kìíní."

"Bọ̀dá Dàpọ̀ ńkọ́? Ó bá yín dúró?"

Àlímì ronú. "Ó yà mí lẹ́nu pé kò bú wa. Òun ló máa ń rán wa létí ọ̀rọ̀ aago. A pè é, kò gbé e. Lálẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n gbé ìjà náà jáde fún ẹni tí kò rí i wò, ló tó kọ ọ̀rọ̀ sí wa."

*

Aago mẹ́ta lù, Adédàpọ̀ dé, tòun ti ìwé, tòun ti àpò. Fàdílátù ní kó jókòó. Ó ṣí ojú ìwé tó gbẹ̀yìn síwájú rẹ̀.

"Bọ̀dá Dàpọ̀, aago mélòó ni wọ́n lu aago ráùndì kìíní lánàá?"

"Mẹ́rin. Ó wà níbẹ̀."

"Ní Dublin."

"Àti níbí. P 4."

"Gbogbo àwọn yòókù ń wo ríìngì tó ṣófo láago mẹ́rin. Àlímì jẹ àgbàdo mẹ́ta tán. Ẹ̀yin nìkan lẹ rí ìjà."

Ọkùnrin náà tẹ ojú mọ́ ìwé. Ó fi ìka kan bo P 4.

"Ẹ tètè gbé ibi tí ẹ wà wá fún mi lówùúrọ̀, mi ò sì tíì béèrè," ni Fàdílátù ń bá a lọ. Kò gbé ohùn sókè. "Ṣùgbọ́n ìwé yìí ló sọ̀rọ̀. Kò sí bí ẹni tó wò ó lójú ẹsẹ̀ ṣe lè gbàgbé wákàtí yẹn. Ẹni tó wo èyí tí wọ́n gbé jáde lálẹ́ nìkan ni kò ní mọ̀ pé wọ́n dúró."

"Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo máa ń fa ìlà rẹ̀," ni Adédàpọ̀ wí, bí ẹni ń bá ìwé sọ̀rọ̀. "Mo ti kọ aago sílẹ̀ kí wọ́n tó yí i. Bí mo bá wò ó ni, mi ò bá ti tún un ṣe."

"Ibo lẹ wà láago márùn-ún?"

"Nínú bọ́ọ̀sì. Mò ń ti Borokiri bọ̀."

"Ẹ bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí."

"Mo wá kí Màmá ni. Mo pè, kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo rí i lórí pẹpẹ." Ó gbé àpò sórí tábìlì, ó nu ojú. "Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn oníròyìn ibẹ̀ bi Ìyanu pé ta ló kọ́kọ́ kọ́ ọ. Ó dárúkọ òyìnbó. Mo wo fídíò yẹn lẹ́ẹ̀meje, mo rò pé bóyá etí mi ló fò ó. Ọdún kan gbáko! Èmi ni mo so àpò yanrìn mọ́ máńgòrò. Èmi ni mo kọ́ ọ bó ṣe máa gbé ẹsẹ̀. Mo ní, ó kéré tán, kí n wo mẹ́dàlì yìí nílé mi. Mi ò sì tíì lè ṣí i láti àná. Ojú ń tì mí."

"Ìgbà tí ẹ gbọ́ pé wọ́n ti ti Ibinabo mọ́lé ńkọ́?"

"Mo gbọ́," ni Adédàpọ̀ wí, "mo sì lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù." Inú bí Fàdílátù gan-an nígbà náà. Ó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ fídíò. Ọ̀rọ̀ obìnrin tó sun orí bẹ́ǹṣì ni kò lè gbé mì.

Ó mú àpótí dúdú náà jáde nínú àpò, ó ṣí i láti kọ bó ṣe rí sílẹ̀. Mẹ́dàlì náà wà níbẹ̀, idẹ ni lóòótọ́. Ó rántí risíìtì Màmá, ó fi èékánná gbé àrán pupa. Ìwé pélébé náà wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ṣẹ́ ẹ po. Kì í ṣe risíìtì. Ọwọ́ ọmọdé ló kọ ọ́, ní èdè òyìnbó, ní ọdún 2017. Fàdílátù kà á tán fúnra rẹ̀ kó tó kà á síta ní Yorùbá:

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀dá Dàpọ̀ ni kí ẹ fún. Èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni tiyín. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dúró kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń jà. Ẹ sọ fún un pé mi ò gbàgbé igi máńgòrò. Ìyanu."

Adédàpọ̀ na ọwọ́, ó gba ìwé náà.

"Madam," ni Sájẹ́ǹtì Dagogo wí nígbà tó yá, "so who come be the thief?"

"Kọ ọ́ pé ẹrù ti dé ọwọ́ ẹni tí wọ́n fi rán sí, lẹ́yìn ọdún mẹ́fà. Kí o wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ó mọ̀ pé ẹni ẹlẹ́ni wà látìmọ́lé nítorí òun, ó sì lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù. Ìyẹn la máa bá a sọ. Mú Ibinabo wá."

Ibinabo wọlé láìwọ bàtà. Wọ́n sọ fún un, wọ́n ka ìwé náà fún un. Ó wo mẹ́dàlì, ó sì wo Adédàpọ̀ tó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀, ìwé ọmọ náà lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Every Saturday, na me dey clean this thing," ló wí. "Brother Dapo, you for just ask. I for bring am come meet you for gate."

Kò ní kó dìde, kò sì ní kó má dìde. Ó yíjú sí Fàdílátù.

"Madam, who put medicine for Mama eye since yesterday?"

"Kò sẹ́nìkan."

Ibinabo mi orí. Ó gba sílípáàsì rẹ̀ lábẹ́ káńtà, ó sì jáde lọ wá mọ́tò Borokiri.